Àwo Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

"Wọ́n ti kú! Gbogbo wọn ló ti kú!"

Ọ̀gá yàrá ìwádìí ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì ń jó nídìí maikirosíkóòpù. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín rárá! Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo oníke ló kú. Èyí tí wọ́n kán omi ewé kan sí, láti mọ̀ bóyá ó lè wo jẹjẹrẹ, ti kú fin-ín-fin-ín, èyí tí wọn ò kán nǹkan kan sí sì ń dàgbà lọ ní tirẹ̀.

Oníbéèrè ò dúró gbọ́ ìyókù. Ọmọbìnrin yìí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè, ló wá lo ìsinmi ilé-ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Ó sáré bọ́ síta, ó pe ìyá rẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn ń bá fínra.

"Mọ́mì, ewé yẹn ṣiṣẹ́ o! Ewé ẹ̀yìnkùlé wa!"

Ìyá náà bú sẹ́kún ayọ̀. "Ọmọ mi, ṣé mo ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú mi bì yẹn nìyẹn?"

Ìgbà tí ó padà wọ yàrá ìwádìí ló tó rántí iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí àwo sẹ́ẹ̀lì, òun ló máa ń ṣí àwo mìíràn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, kí kòkòrò àìfojúrí inú afẹ́fẹ́ lè bà lé e. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀ lọ́pọ̀, a jẹ́ pé kòkòrò ti lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó fa àwo tó ṣí kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kán omi ewé náà yọ níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Nǹkan onírun aláwọ̀ ewé ti bò ó, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ooru ti mú lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí fèrèsé nígbà tí Ọ̀gá jáde. Àwọn àwo omi ewé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn tí wọn ò kán nǹkan kan sí jìnnà sí i.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Sọ ọ́ nù jàre. Ṣé o fẹ́ ba inú gbogbo ayé jẹ́ ni? Gbé èyí tó mọ́ síbẹ̀, kí o panu mọ́."

Ó sọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí lóòótọ́. Àmọ́ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀.

Nígbà tí ó délé, òórùn ewé sísè ti gba gbogbo ilé. Ìyá rẹ̀ ti tú báàgì ilé ìwòsàn rẹ̀ palẹ̀, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti pe nọ́ọ̀sì. Mo ní kí wọ́n má retí mi lọ́la mọ́."

Oníbéèrè já ife náà gbà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún! Ó lè má jẹ́ ewé ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Èmi ni mo ṣí fèrèsé, kòkòrò sì wọlé. Mo tún ti sọ ẹ̀rí rẹ̀ nù."

Ìyá rẹ̀ fa báàgì náà mọ́ra. Kò lù ú, kò bú u. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ padà sínú báàgì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dun ọmọ náà ju ìfọ́tí lọ.

Láàárọ̀, ó jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Ojú obìnrin náà pọ́n.

"Bí mo bá ti kéde rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyá tìẹ nìkan ni jẹjẹrẹ ń dà láàmú?"

Ó gba iṣẹ́ àwo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa fọ ìgò títí ìsinmi yóò fi parí. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tún ìwádìí náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó kú.

Oníbéèrè gbé ìròyìn náà lọ bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

"Ewé náà ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ò sí lára rẹ̀ sí i. "Ká ní o ò sọ òótọ́ fún mi, ṣé bí mo ṣe máa wà nílé tí n ó máa mu ún nìyẹn?"

Oníbéèrè di ọwọ́ náà mú, ó sunkún. Ó ti wá yé e pé irọ́ tó mú inú èèyàn dùn lè pa ẹni tí a fẹ́ràn jù, àti pé ẹni tó bá fẹ́ wo aráyé sàn kò gbọ́dọ̀ fi òótọ́ pamọ́, kódà bí òótọ́ náà bá máa ba ayọ̀ tirẹ̀ jẹ́.