Olùkọ́ Orí Òpó Tó Purọ́ Mọ́ Òkú

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, yálà ní ọjà Kejetia ni wọ́n ti fún ọ tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, má tíì sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn, ṣùgbọ́n tí Ọlọ́run mọ ohun tó ṣe.

Oyèdélé ni orúkọ rẹ̀. Kumasi ní ilẹ̀ Ghana ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, aṣọ ni wọ́n sì ń tà. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn, àwọn òbí rẹ̀ di ẹrù, wọ́n lọ. Oyèdélé kò lọ. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ wáyà iná nígbà náà, ọ̀gá rẹ̀ sì dúró fún un.

Ó mọ iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ fi í ṣe olùkọ́ àwọn tí ń gun òpó iná. Wọ́n ri àwọn òpó kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà kan lẹ́bàá Suame, òpó tí kò ní iná lórí, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń so ìgbànú, bí a ṣe ń fi irin ìgunpó sí ẹsẹ̀, bí a ṣe ń gbé ẹni tó bá dákú lókè sọ̀kalẹ̀. Masita ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti pa iná wáyà kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi fi wáyà kan tó nípọn so ó mọ́ irin tí wọ́n rì sínú ilẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí iná bá ṣèèṣì padà wá, inú ilẹ̀ ni yóò gbà lọ, kò ní gba ara ènìyàn.

Nínú ọgbà, Oyèdélé ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìgboro, ẹ̀rín ló fi ń rín. Yóò gun òpó láìso nǹkan kan mọ́ ilẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá wáyà, yóò sì bojú wolẹ̀.

"Ẹ rí i? Ti inú ọgbà, ti ìdánwò nìyẹn. Èyí ni ti ọkùnrin."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé ni ìfúnpá awọ kan tó wà lápá òsì rẹ̀. Ẹni tó ṣe é fún un sọ pé iná kankan kò ní mú ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ Oyèdélé dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn kọjá bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Bí iṣẹ́ bá parí, ó di ìdí akpeteshie, ògógóró àwọn ará Ghana. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ròyìn ara rẹ̀ títí ọtí yóò fi pa á.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Abọ́dẹrìn, tí wọ́n jọ ṣe ọmọdé ní Kumasi yìí. Onígbàgbọ́ ni Abọ́dẹrìn, wẹ́dà ni ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, òun ló sì ń bá Oyèdélé jó irin ìgunpó tó bá ṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, Oyèdélé yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Pásítọ̀ onírin, ṣé irin mi ti ṣe?"

"Irin rẹ ti ṣe. Ìwọ ni ó kù."

"Ẹ gbà mí o! Ó ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Oyè, tú nǹkan yẹn kúrò lápá rẹ. Jésù tí ìyá rẹ ń pè kò tíì kú."

"Jésù tí kò lè ra gíláàsì ìjórin fún ẹ? Wo bí ojú rẹ ṣe pọ́n bí ata."

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín. Abọ́dẹrìn náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Àwọn tí ò ń kọ́ ni mò ń wò. Ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n máa ṣe."

Oyèdélé gbé irin rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1984, ọ̀dá mú kí omi Akosombo, níbi tí iná Ghana ti ń wá, fà. Iná kò tó mọ́, wọ́n ń pín in láti àdúgbò dé àdúgbò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Oyèdélé kó ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lọ tún wáyà kan tó já ṣe lẹ́yìn àdúgbò Adum. Kò sí iná ní gbogbo agbègbè náà láti òwúrọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Yaw, ọ̀dọ́mọkùnrin Asante tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Akua ìyàwó rẹ̀ sì ti lóyún. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Yaw fa wáyà ilẹ̀ jáde.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Masita, mo fẹ́ so ó ni."

"So ó fún kí ni? Iná dà? Àbí ìwọ lo fẹ́ gbé e wá láti Akosombo?"

Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀, Masita."

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Akua ti sọ ẹ́ di obìnrin sílé."

Oyèdélé bá tú ìfúnpá rẹ̀, ó so ó mọ́ ọmọkùnrin náà lápá, ó sì gbá a léjìká. "Ó tán. Wáyà ilẹ̀ tìrẹ nìyẹn. Gùn ún."

Yaw ju wáyà ilẹ̀ sínú yanrìn, ó gun òpó.

Kò jìnnà síbẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń kó ẹja sínú yìnyín. Ẹja náà ti fẹ́ bàjẹ́. Onílé náà tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá a so jẹnẹrétọ̀ náà mọ́ ilé kò fi ohun tí ń ya iná inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà ìgboro sí i. Nítorí náà, iná jáde nínú ilé ẹlẹ́ja, ó gba orí wáyà ìgboro padà wá.

Oyèdélé gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà dún. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, nítorí olùkọ́ ni. Ó ké pe Yaw lórúkọ. Ṣùgbọ́n Yaw ti di wáyà mú.

N kò ní kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ìgbànú rẹ̀ ló gbé e dúró lókè. Nígbà tí wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò mí mọ́.

Kí àwọn ọ̀gá tó dé, Oyèdélé fi ọ̀bẹ gé ìfúnpá náà kúrò lápá òkú, ó tì í sápò. Ó wọ́ wáyà ilẹ̀ wá sí ìdí òpó, ó ká a síbẹ̀ bí ohun tí ẹnìkan kọ̀ láti lò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì yòókù.

"Ta ló máa sọ pé ẹ ti mọṣẹ́, kí iléeṣẹ́ tó gbà yín?"

"Ẹ̀yin ni, Masita."

"Ó dáa nígbà náà."

Ohun tó sọ fún àwọn ọ̀gá ni pé, "Mo ní kó so ó. Ó ní òun kò ní so ó." Wọ́n sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba Masita gbọ́?

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé àwọn Yaw. Àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ sọ pé ẹni tó fi agídí pa ara rẹ̀ kò yẹ fún ìsìnkú. Wọ́n sáré bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ìjókòó ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kò wọ aṣọ dúdú àti pupa tí Asante fi ń ṣọ̀fọ̀ fún un. Ìwọ tí o ń gbé láàárín àwọn Asante mọ bí èyí ti burú tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá Yaw, tó yẹ kó sọ ọmọ inú Akua lórúkọ, sọ pé òun kò ní sọ ọmọ kankan ní orúkọ alágídí. Ìyá Yaw wọ inú yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jáde mọ́.

Akua wá bá Oyèdélé nínú ọgbà. Oyún rẹ̀ ti hàn dáadáa.

"Masita, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé lóòótọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yaw? Yaw tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan súìṣì bí ọwọ́ mi bá tutù?"

"Mo bá a sọ ọ́, kò gbọ́."

Akua tẹrí ba níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Masita. Ẹ ṣeun tí ẹ gbìyànjú láti dá a dúró."

Ó yí padà, ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yìí ló ba Oyèdélé jẹ́. Èébú ìbá sàn fún un.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó mu ọtí títí, ọtí kò gbé e lọ síbi tó fẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun dé, ó gun òpó inú ọgbà láti fi hàn wọ́n, òpó tí kò ní iná lórí rí. Nígbà tó dé òkè, kò lè gbé ọwọ́ kúrò lára òpó náà mọ́. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ń sunkún. Àwọn tó yẹ kó kọ́ ni wọ́n fi okùn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu.

Suame Magazine ló gbà lọ tààrà. Abọ́dẹrìn rí ojú rẹ̀, ó sì pa iná tó fi ń jó irin. Oyèdélé jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti wáyà ilẹ̀, ó sọ ti ìfúnpá, ó sọ bó ṣe fi ọ̀bẹ gé e.

Abọ́dẹrìn kò sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Kò sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

"Oyè, ìwọ lo pa á. O sì tún pa orúkọ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé irú èmi yìí ṣì ní àyè lọ́dọ̀ Ọlọ́run?"

"Nítorí irú rẹ àti irú mi ni Jésù ṣe kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó fún apànìyàn, ó tó fún òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kò kú kí o lè rí ibi fi irọ́ rẹ pamọ́ sí."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ."

"Ó ṣeé ṣe. Màá máa gbé oúnjẹ wá."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín epo àti irin ọkọ̀. Ariwo òòlù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wọn. Oyèdélé kò mọ àdúrà gígùn. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ Jésù pé kó gba òun, kó sì fún òun ní ẹnu láti sọ òtítọ́. Nígbà tó dìde, ó fa ìfúnpá náà yọ nínú àpò, Abọ́dẹrìn sì fi iná ìjórin sun ún níbẹ̀.

Kò padà sílé kó tó lọ bá àwọn ẹbí Yaw. Abọ́dẹrìn tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà jókòó, Akua dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Oyèdélé dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́ fún wọn ní èdè Twi tó yé gbogbo wọn: "Yaw kò ṣe agídí. Ó fẹ́ so wáyà ilẹ̀, èmi ni kò jẹ́ kó so ó. Mo fi í ṣẹ̀sín títí ó fi gun òpó. Nígbà tó kú, mo purọ́ mọ́ ọn."

Ọkùnrin kan fò dìde láti lù ú. Ẹ̀gbọ́n bàbá Yaw na ọwọ́ dá a dúró.

Akua ló sọ̀rọ̀. Kò sunkún. "Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Dìde. Lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí o tún un sọ. Pariwo sọ ọ́."

Oyèdélé dìde. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá arúgbó náà, ó sì fi igbe sọ ọ́, títí gbogbo ilé àti àwọn tó ń kọjá ní títì fi gbọ́ pé Yaw kò jẹ̀bi. Láti inú yàrá ni wọ́n ti gbọ́ tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ó sọ bákan náà fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti fún ọlọ́pàá. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹbí Yaw tún ìsìnkú ṣe, wọ́n jókòó fún un bó ti yẹ. Akua bí ọmọkùnrin, ẹ̀gbọ́n bàbá Yaw sì sọ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Oyèdélé ti jáde báyìí. Kò gun òpó mọ́. Ó ń bá Abọ́dẹrìn jó irin, ó sì ń sin Olúwa rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó sinmi. Bí ó bá pàdé Akua lọ́nà, Akua kì í dá a lóhùn. Oyèdélé kò bínú sí i. Jésù ti dárí jì í, ṣùgbọ́n Yaw kò sí láyé, kò sì ní bá ọmọ rẹ̀ jẹun láéláé. Ẹ̀ṣẹ̀ burú, ọ̀rẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tó fi ná Ọlọ́run ní Ọmọ rẹ̀.

Ìwọ ń kọ́? Bóyá o kò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ru ẹ̀bi tìrẹ báyìí? Ọmọ iṣẹ́ rẹ tí o lé lọ ni, àbí ìyàwó tí o bà lórúkọ jẹ́? Àbí ẹni tó ti wà nínú ibojì, tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ? Àwọn ènìyàn lè máa yìn ọ́ títí. Ọlọ́run tí ó rí ọ kò gbàgbé, ọjọ́ tí o máa dúró níwájú rẹ̀ sì ń bọ̀. Níbẹ̀, o kò ní rí ẹni tí o máa fi ojú dẹ́rù bà.

Má sọ pé ó di ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀sán gangan ni Yaw kú, ó lágbára, ó sì ń retí ọmọ. Pe Jésù níbi tí o wà yìí, kí o sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un bó ṣe rí gan-an. Ó ti kú nítorí rẹ̀, ó ti jíǹde, kò ní lé ọ padà. Lẹ́yìn náà, wọ bàtà rẹ, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ó lè má dárí jì ọ́. Lọ síbẹ̀ náà. Lọ lónìí, nígbà tí o ṣì lè bá a nílé.