Ẹ̀gbọ́n Tó Lọ Pọn Omi

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí wà láyé, ara rẹ̀ le koko. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, àfi irọ́ kan ṣoṣo tó pa lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì gbọ́ ọ.

Wẹ́dà ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jó irin pọ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, ariwo irin kì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbé àgọ́ lọ sínú igbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun nìkan, kí etí rẹ̀ lè sinmi.

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó máa lọ. Nígbà tó rí i pé ọmọ òun ò ní gbọ́, ó gbà á nímọ̀ràn.

"Máa sọ ibi tí o wà fún mi. Má pàgọ́ sí ojú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, má sọ pé ìwọ nìkan ni."

"Kí ni kí n wá sọ, Màámi?"

"Purọ́. Ọlọ́run á dárí jì ọ́."

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oòrùn ti ń wọ̀ kó tó pàgọ́ tán. Omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó ní òun á lọ sódò láàárọ̀. Ó dáná. Bó ṣe gbójú sókè, ọkùnrin kan ti dúró lódì kejì iná. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

Wẹ́dà di fèrè tó máa ń fọn bí ewu bá dé mú nínú àpò rẹ̀.

"Rárá o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó lọ pọn omi."

Àkọ́bí ni Wẹ́dà. Kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ni ẹ̀rín bá kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kúrò lára Wẹ́dà, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wá ń lọ sókè, bí ẹni tó ń wo ẹni tó ga.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ló wí. "Ẹ má bínú. Mo kàn ń kọjá ni."

Kò rìn lọ. Ó sá lọ.

Gbogbo kòkòrò igbó dákẹ́. Wẹ́dà gbọ́ tí nǹkan wúwo kan balẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ tútù gba imú rẹ̀. Ó fi agídí yíjú padà. Kò sí ẹnì kankan. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ nìkan ló dúró níbẹ̀, ó kún dẹ́nu, omi ń kán lára rẹ̀.

Ó fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni ọkùnrin yẹn gbà lọ. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹnì kan wá síbí. Ó ti lọ."

"Ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?"

"Rárá. Mo purọ́ fún un."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta nìyẹn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n lọ sùn."

Wẹ́dà kò gbọ́ ohùn kankan.

Ó wọnú àgọ́, ó fa síìpù rẹ̀ dé òkè, ó di fèrè mọ́ àyà. Níta, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ń rìn yí àgọ́ ká, díẹ̀díẹ̀, kò dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ba Wẹ́dà. Nígbà tó pẹ́, ó wá ń ṣe é bí ọmọdé tó ń gbọ́ ìrìn àgbà nínú ilé. Oorun gbé e lọ.

Láàárọ̀, ojú ẹsẹ̀ yí àgọ́ ká, ó ti tẹ koríko di ọ̀nà. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tó wá síbẹ̀. Kò sí èyí tó kúrò níbẹ̀.

Wẹ́dà ṣì ń lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í bá a jà mọ́. Tó bá pè é lálẹ́, tó sì kí i tán, á ní, "Ó dáa, gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Wẹ́dà á na fóònù sínú òkùnkùn. Á dúró díẹ̀. Kó tó pẹ́, á máa gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀.