Ìwé Tí Ó Ń Kọrin

"Mo ní kó o gbé e kúrò níbẹ̀! Ṣé etí rẹ ti di ni, Ọlábùnmí?"

"Ṣùgbọ́n, Màmá, ẹ wò ó ná, òun ló dára jù nínú gbogbo wọn! Ó ń kọrin!"

"Kó máa kọrin lọ sílé ẹni tó rà á! Kò gbọdọ̀ kọrin nínú kíréèṣì tèmi!"

Ohùn Màmá Akínọ̀ṣọ́ ti gba gbogbo ilé kan. Yàrá méjì péré ni kíréèṣì náà, ní Lákòwé, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lójoojúmọ́ tí ilé kì í tán. Ọmọ àwọn bírikìlà àti ọmọ àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré ni Màmá ń tọ́jú níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ìyá wọn yóò fi dé. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Ọlábùnmí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sì ń bá Màmá ṣiṣẹ́. Àǹtí Bùnmi ni àwọn ọmọ náà àti ìyá wọn ń pè é. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ a wú bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Adébùkọ́lá, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, gbé páálí ìwé àwòrán wá láti VGC, àdúgbò àwọn olówó. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti dàgbà kọjá wọn. Màmá ní kí Ọlábùnmí ṣà wọ́n: èyí tó yẹ ọmọ ọwọ́ sí apá kan, èyí tó yẹ àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ sí apá kejì, kí èyí tí kò yẹ ẹnikẹ́ni padà sínú páálí.

Màmá ní bó ṣe ń yan ìwé tirẹ̀. Kì í kọ́kọ́ ṣí i. Á mì í létí, á fà á nígun bí ẹni ń fa etí olè, á wá gé e jẹ wò. Bẹ́ẹ̀ ni, á fi eyín gé e! "Ọmọ ọdún kan kì í fi ojú ka ìwé," ló máa ń wí. "Ẹnu ló fi ń kà á. Ìwé tí kò bá lè fara da eyín mi, kò lè fara da tiwọn." Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wo àwòrán inú rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwòrán tóbi, kí ó jẹ́ ẹyọ kan lójú ewé kan, kí ó sì jẹ́ ohun tí ọmọ lè yíjú kó rí nínú ilé: ìkòkò, ṣíbí, adìyẹ, bàtà.

Ìwé tó dá ìjà sílẹ̀ yìí pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, bọ́tìnnì sì tò sí i létí. Tẹ èyí, àkùkọ á kọ. Tẹ tọ̀hún, màlúù á ké. Tẹ ìsàlẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá mì í, nǹkan kan ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó di ilé bátìrì rẹ̀ pa ti sọnù.

"Ohun tó bá ń mì nínú nǹkan ọmọdé, ọ̀nà ọ̀fun ló ń wá," ni Màmá wí. "Sínú páálí!"

Ọlábùnmí jù ú sínú páálí pẹ̀lú ìbínú. Màmá wé gèlè, ó gba ọ̀nà Awóyáyà lọ, ó fẹ́ ra ẹní tuntun.

Kò tíì jìnnà tí Bùkọ́lá, tó ti jókòó tó ń wò wọ́n látàárọ̀, fi bú sẹ́rìn-ín. "Bùnmi, àbí o ò rí bí Màmá yín ṣe ń gé ìwé jẹ? Mo rò pé búrẹ́dì ni! Kí lẹ wá ṣà sílẹ̀? Ìkòkò! Ṣíbí! Ṣé àwọn ọmọ yìí ò rí ṣíbí rí ni?"

"Fi Màmá sílẹ̀ jàre."

"Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ ilé ìwé ni ẹ́, o sì ń bẹ̀rù ìwé tó ń kọrin! Gbé e jáde, jẹ́ n ká a sórí fóònù. Wàá rí bí gbogbo kíláàsì ṣe máa pariwo orúkọ ẹ."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí: ẹni tó bá fi igi nà wá, a máa ń sá fún un. Ẹni tó bá fi wá rẹ́rìn-ín, òun la máa ń sáré tẹ̀lé. Ọlábùnmí mọ òfin ilé náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó na ọwọ́ sínú páálí.

Ó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ilé dìde! Àwọn tó lè rìn rìn wá, àwọn tí kò lè rìn rá wá. Shamsudeen, ọmọ ọdún kan àbọ̀, ló kọ́kọ́ dé. Ó di ìwé náà mú gírígírí, ó ń fi ìdí jó, ó ń fi orúnkún jó. Bùkọ́lá ń ká wọn, ó ń kígbe pé, "Àǹtí Bùnmi, o tó bẹ́ẹ̀, o jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Ọlábùnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó wọ ẹ̀yìn lọ po ògì fún àwọn ọmọ. Kò gba ìwé náà lọ́wọ́ Shamsudeen, torí pé bó bá gbà á, ẹkún á sọ. Nígbà tó padà, ìwé kò kọrin mọ́. Ó yí i padà. Ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, bátìrì pẹlẹbẹ kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Shamsudeen jókòó sórí ẹní, ó ń wúkọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wàrà.

Ọlábùnmí gbé ẹní sókè. Ó gbọn ìrọ̀rí. Ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Kò sí.

"Bùkọ́lá, ó dà bíi pé ó ti gbé bátìrì mì."

"Tó bá gbé e mì ńkọ́? Á yà á lọ́la. Àbúrò mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì rí, kí ló ṣe é?" Bùkọ́lá ti ń mú báàgì rẹ̀. Dírẹ́bà ilé wọn ń fun fèrè níta. "Má lọ fẹnu ara ẹ kó bá ara ẹ o. Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi."

Ọlábùnmí ti ìwé náà bọ ìsàlẹ̀ páálí, ó kó àwọn yòókù lé e lórí. Kò pẹ́ tí Màmá dé, ó da ẹní sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sára ọmọ náà.

"Kí ló ṣe Shamsudeen?"

"Eyín ló ń yọ, mà."

Eyín! Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ tó ń da itọ́, tó kọ oúnjẹ, tó ń ké. Màmá fi ìka kan èrìgì rẹ̀, ó rí i pé ó wú díẹ̀, ó gbé e pọ̀n. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Eyín á yọ, o ó fi jẹ ẹran." Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, bí ọmọ bá ti wúkọ́, Ọlábùnmí á la ẹnu, á tún pa á dé. Irọ́ kò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó pa á ló ń gbé e kiri.

Ìrọ̀lẹ́ ni Abíọ́nà, ìyá Shamsudeen, dé, eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ na ọwọ́ sí i. Bó ṣe gbé e báyìí, ọmọ bì, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú èébì náà.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Kí ló jẹ?"

Kọ́rópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré, ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọmọ náà gba títì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́nà Àjà. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ọmọ náà gbé nǹkan mì.

"Mi ò sí níbẹ̀," ni Abíọ́nà fèsì, "ṣùgbọ́n àǹtí ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ látàárọ̀." Ó yíjú sí Ọlábùnmí, ojú rẹ̀ kún fún ìgbẹ́kẹ̀lé. "Àǹtí Bùnmi, ṣé ó gbé nǹkan mì?"

"Rárá, mà."

Wọ́n tọ́jú ọmọ náà bí ẹni tí àyà ń dùn. Oògùn kò ràn án. Ìgbà tó yá ni wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀. Dókítà Ògúnbọ̀dé gbé àwòrán náà sókè sí iná, nǹkan róbótó funfun kan sì wà láàárín ọ̀fun.

"Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yìí? Ẹ dá mi lóhùn kíá! Bọ́tìnnì ẹ̀wù ni àbí bátìrì?"

Ohùn tín-ín-rín kan jáde lẹ́nu Ọlábùnmí. "Bátìrì ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sán, sà. Inú ìwé ló ti bọ́. Ìwé tó ń kọrin."

Màmá Akínọ̀ṣọ́ di orí mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà ti ń pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọbìnrin, bátìrì kì í há sí ọ̀fun lásán. Ó ń jó ibi tó bá há sí ni. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́sàn-án ni, à bá yọ ọ́, kó máa lọ sílé. Ní báyìí, a óò yọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí ohun tí a máa bá níbẹ̀."

Ilẹ̀kùn pa dé. Ọlábùnmí kúnlẹ̀ síwájú Abíọ́nà, ó ń sunkún. "Ẹ dákun, mà. Màmá ní kí n má mú un. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣí. Ìwé yẹn ni, mà. Ìwé yẹn ló fa gbogbo rẹ̀."

Abíọ́nà kò pariwo. Ó ká ọ̀já ọmọ rẹ̀, ó fi sábẹ́ apá, ó sì wo ọmọbìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà.

"Mo bi ọ́ léèrè níwájú nọ́ọ̀sì, ẹnì kan dá mi lóhùn pé rárá," ló wí. "Ìwé kọ́ ló dá mi lóhùn, Àǹtí Bùnmi. Ìwọ ni."