Táyà Ọ̀tún Tó Ń Rú Èéfín

Èéfín ń rú túú lára táyà iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún, nígbà tí Ìnísípẹ́kítọ̀ obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Yẹ̀ẹ́wò débẹ̀. Agbẹ̀bí tó ni mọ́tò dúró tì í, inú ń bí i burúkú. Ó ń lọ gbẹ̀bí ni bíréèkì di mọ́tò mú láàárín títì. Ẹsẹ̀ ló fi sáré dé ọ̀dọ̀ aláboyún. Ọpẹ́ ni pé ọmọ ti dé kó tó débẹ̀, ó sì ń ké bí ẹni pé òun ló ni ilé; ló bá sáré padà sídìí mọ́tò.

"Mẹkáníìkì mi ló fẹ́ pa mí," ló wí, kò sì rọra wí i. Gbogbo títì gbọ́. "A jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa."

Mẹkáníìkì náà, àgbàlagbà ọlọ́wọ́ gíríìsì, dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ọdún méjìlélógún ló ti wà níbẹ̀. Tórúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lónìí, ta ni yóò tún gbé mọ́tò fún un?

"Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kan bíréèkì yẹn láti ọdún tó kọjá," ló wí. "Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké."

"Ẹ jẹ́ n dúnàá-dúrà díẹ̀ ná," Yẹ̀ẹ́wò dá a lóhùn.

Yẹ̀ẹ́wò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ta omi sí wíìlì ọ̀tún, omi hó ṣàà. Ó ta sí tòsì, kò hó rárá. Ó ní kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò sókè. Táyà ọ̀tún kọ̀, kò yí. Páàdì bíréèkì inú rẹ̀ tuntun ni, ti òsì sì ti gbó.

"Ta ló pààrọ̀ ẹyọ kan?"

"Èmi kọ́," ni mẹkáníìkì wí. "Tọ̀túntòsì ni mo máa ń pààrọ̀ pọ̀. Ta ní ń wọ bàtà tuntun sẹ́sẹ̀ kan?"

Yẹ̀ẹ́wò yíjú sí ọkọ agbẹ̀bí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn síyàwó rẹ̀ lára.

"Èmi kẹ̀?" ni Tíṣà wí. "Mi ò mọ orí mọ́tò yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀."

Yẹ̀ẹ́wò ní kí mẹkáníìkì tú páìpù ọ́ìlì bíréèkì níbi tó ti wọnú rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà. Táyà ò yí síbẹ̀. Ó ní kó tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára bíréèkì gan-an. Ọ́ìlì tú jáde, táyà sì yí gbirigbiri. Wọ́n gé rọ́bà náà: ìta rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ti ya.

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ o," ni Yẹ̀ẹ́wò wí, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Nígbà tó tú irin bíréèkì tó ń di páàdì mú, wáyà ló fi so ó kọ́."

"Wáyà kẹ̀?" Orí Tíṣà ti wú. "Kò sí wáyà kankan. Rọ́bà yẹn gbé e dúró digbí, mo tún lọ sùn díẹ̀..." Ó pa ẹnu dé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Irin yẹn wúwo," Yẹ̀ẹ́wò ṣàlàyé. "Bó ṣe rọ̀ dirodiro, ó fa inú rọ́bà ya. Tí agbẹ̀bí bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á fi tipátipá kọjá. Tó bá gbẹ́sẹ̀, ọ́ìlì ò rọ́nà padà. Bíréèkì ò jọ̀wọ́ táyà, ló fi gbóná. Oníṣẹ́ ò jẹ́ fi rọ́bà gbé irin, kò sì ní pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí mo rí i pé páàdì olówó iyebíye ni, mo mọ̀ pé ọ̀tá kọ́ ló ṣe é."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" agbẹ̀bí bi ọkọ rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ lò ń yin mẹkáníìkì. Mo ní kó o yin èmi náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sì rẹ̀ mí sí."

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá mọ́tò mú. Mẹkáníìkì ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, gbangba lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," ló wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú agbẹ̀bí. Ó rìn lọ sáàárín títì, ó sì gbóhùn sókè ju ti ìṣáájú lọ.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀sùn èké ni mo fi kan mẹkáníìkì mi. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ló ba bíréèkì jẹ́, ìfẹ́ ló sì fi bà á jẹ́."

Tíṣà nawọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì. "Èmi ni."

Ẹ̀rín gba gbogbo títì. Mẹkáníìkì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, gíríìsì sì yí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ó yá, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ló wí. "Ẹ bá mi ti mọ́tò yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù."