Èémí Inú Sìlíńdà Bàbá

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan tí mo mú wọ abẹ́ òkun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ tí òun ń mí ń rùn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lókè omi ni. Ó fi ọwọ́ kan di etí ọkọ̀ mú, ó yọ rọ́bà tó fi ń mí lábẹ́ omi kúrò lẹ́nu, ó sì rọra súnmọ́ mi bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fún mi yìí ń rùn."

"Ó ń rùn bíi kí ni? Bí epo?"

"Kì í ṣe epo. Ó ń rùn bíi yàrá tí àgbàlagbà ń ṣàìsàn sí. Bí òróró ìpara, àti bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò sá sóòrùn."

Mo rẹ́rìn-ín, torí pé ẹ̀rín wà lára iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń mú àwọn onígbàfẹ́ wọ abẹ́ òkun ní erékùṣù wa, kí wọ́n lè rí àpáta aláràbarà àti ẹja oríṣiríṣi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù kọ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rù. Ọkọ ìyàwó yìí gan-an, láti àárọ̀ ló ti dojú bolẹ̀ lójú omi, tó fi páìpù kékeré sẹ́nu, tó di okùn ọkọ̀ mú bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ pé ìyàwó ló gbé e níyàwó. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ohun gbogbo ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo gba rọ́bà náà lọ́wọ́ ìyàwó, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́ sí mi nímú. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo mọ òórùn náà. Èmi ni mo máa ń ra òróró yẹn, èmi ni mo máa ń fi pa bàbá mi láyà ní alaalẹ́, bàbá mi sì ti wà nínú ilẹ̀.

Mo ní kó gun ọkọ̀, pé ó ti tó fún òní. Ó ní òun ò ráhùn, òórùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú, ó kàn rán òun létí ẹnì kan tí òun ò lè rántí.

Ó yẹ kí n sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dé inú sìlíńdà, ìgò irin tí a máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wọ omi. Ẹ̀rọ kan wà nínú ahéré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Páìpù gígùn kan ló fi ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, á sì máa kì í mọ́ inú sìlíńdà títí tí yóò fi le gbọnrangandan. Ibi tí ẹnu páìpù bá wà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi so ó mọ́ orí òpó níwájú òkun, kó jìnnà sí èéfín. Bàbá ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, èmi ń mú àlejò lọ sómi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tọ́jú ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń tọ́jú Bàbá, torí pé yàrá tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí kò ju ẹ̀yìn ògiri ahéré lọ. Ọjọ́ tí Bàbá kú, mo ti bá ọkọ̀ kọjá lọ sí òdìkejì omi láti ra oògùn. Inú mi dùn lọ ni, nítorí dókítà ti ń sọ pé ara rẹ̀ ń yá. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró dè mí ní èbúté nígbà tí mo dé, n ò sì tíì sọ̀kalẹ̀ tí mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àlejò pọ̀. Àwọn kan ti kó gbogbo sìlíńdà tó kún lọ sínú ọkọ̀ ìgbòkun, wọn ò ní dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tèmi nìkan ló kù, mo sì ń wá ẹyọ kan sí i fún ìyàwó yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nítòsí. Mo ká tapólì kan sókè ní igun ahéré, mo bá sìlíńdà Bàbá níbẹ̀, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Mo wọ̀n ọ́n wò, ó kún. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ohun ìní Bàbá ṣì wúlò. Bí mo ṣe gbé e nìyẹn.

Nígbà tí a jókòó jẹun ọ̀sán, ìyàwó kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn ìka gbá etí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń wo èbúté. Lẹ́yìn náà ló wú ikọ́ kan. Ó gùn, ó sì ní ìró omi nísàlẹ̀. Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀.

"Abẹ́rẹ́," ó wí láì wo ojú mi, "okùn ọkọ̀ yẹn kò le. Lọ tún un dì."

Orí mi wú. Láti òwúrọ̀ ni ọmọ yìí ti ń pè mí ní Àǹtí, tó ń bá mi sọ ẹ̀yin. Abẹ́rẹ́ ni Bàbá ń pè mí láti kékeré, torí pé mo tín-ín-rín, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé. Mo wo èbúté. Okùn ọkọ̀ ti tú, ọkọ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn. Mo dìde, mo lọ dì í.

Nígbà tí mo padà dé, ọkọ rẹ̀ ti gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì erékùṣù wa, obìnrin tó tọ́jú Bàbá. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró àyà lé e láyà, ó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, ó sì yíjú sí mi.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ."

"Irú èyí kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọdún ló máa ń gbà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí àyà Bàbá yín ṣe ń dún gan-an nìyí."

Ó jáde lọ láti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní omi ń ru lọ́hùn-ún, pé wọn ò lè dé kó tó di ọ̀la. Ètè ìyàwó ti dúdú. Ó ń mí sínú, ó ń mí sínú, kò sì jọ pé ó ń mí síta. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nínú aṣọ. Mo tẹ̀ síwájú, mo fetí sí i lẹ́nu.

"Jẹ́ kí n mí i tán," ló ń wí. "Abẹ́rẹ́. Jẹ́ kí n mí i tán."

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nínú ahéré. Ó dúró níwájú igun náà, tapólì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé e?" ó bi mí.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún un, mo sọ orúkọ tí àlejò pè mí. Ṣe ló jókòó sílẹ̀ lórí àpótí, ó fi tapólì bojú. Nígbà tó yá, ó ní nígbà tí Bàbá ń lọ lọ́jọ́ náà, òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe. Òun wá gba ojú fèrèsé fa páìpù wọlé, òun gbé e sí i lẹ́nu, òun tan ẹ̀rọ kó lè fa èémí rẹ̀ sínú sìlíńdà. Ó ní òun rò pé bí èémí ìkẹyìn yẹn bá wà lọ́wọ́ àwa ọmọ rẹ̀, kò tíì lọ tán.

Mo sunkún. Kí n má purọ́, inú ẹkún yẹn ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ. Ìlàjì sìlíńdà ló ṣì kù. Bàbá mi ló kù síbẹ̀, ó mọ̀ mí, ó ń pè mí lórúkọ. Bí mo bá jẹ́ kó wà níbẹ̀, mo lè tún gbọ́ ọ. Ìyàwó náà ńkọ́? Ohun tó fà sínú kì í ṣe ìyè Bàbá. Àárín ikú ni wọ́n ti gé èémí yẹn, ikú náà ló sì ń kú lọ lára ọmọ ọlọ́mọ, àfi bí mo bá tú ìyókù sílẹ̀ kó lè mí i tán.

Mo gbé sìlíńdà náà sí èjìká.

"Má tú u," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti dìde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ yẹn ń kú lọ."

"Àlejò ni. Bàbá wa lèyí."

"Ọmọ ẹnì kan ni àlejò náà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó di apá mi mú. Ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù tó pọ̀ ju ti ẹni tó fẹ́ pàdánù bàbá lẹ́ẹ̀kejì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n n ò ráyè kà á. Mo já ara mi gbà.

Mo gbé e dé òpin èbúté, mo sọ̀kalẹ̀ sínú omi tó mù mí dé àyà, mo rì í sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún fà á símú, mo sì tú u. Omi hó yí mi ká. Òórùn òróró ìpara gba gbogbo èbúté kan, lẹ́yìn náà atẹ́gùn gbé e lọ. Mo ń dúró kó pè mí. Mo dúró títí ìhó omi fi dín kù, títí ó fi ku ẹyọ kan, ẹyọ kan. Kò pè mí. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lókè mi lórí pákó èbúté. Ibẹ̀ ni a wà tí ọkọ ìyàwó sáré dé, láì wọ bàtà.

"Ó ti jókòó," ó wí. "Ó ń béèrè omi. Nọ́ọ̀sì ní àyà rẹ̀ ti mọ́." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yí ojú padà, ó sì rọra bi mí pé, "Àǹtí, ta ló ń jẹ́ Abẹ́rẹ́?"

"Kí ló dé?"

"Kó tó jí, ó sọ̀rọ̀. Kò dúró mí rárá, ó kàn ń tú u jáde ni, ohùn rẹ̀ kọ́ sì ni. Ó ní kí n sọ fún Abẹ́rẹ́ pé òun ò tíì ń kú lọ. Ó ní òun ti dìde jókòó lọ́jọ́ náà, òun ń wo òkun lójú fèrèsé, òun ń retí rẹ̀. Ó ní wọ́n gbé páìpù wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òun lẹ́nu. Òun di ọwọ́ ẹni tó gbé e wá mú, òun ní kó pa ẹ̀rọ náà, kó jọ̀ọ́, kó pa ẹ̀rọ náà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "N ò mọ ẹni tó ń bá wí. 'Ọmọ mi ọkùnrin' ló ń pè é."

Mo ní kó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kó fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ó lọ.

Mo wà nínú omi. Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, mo sì rí ojú rẹ̀ kedere. Ìbẹ̀rù ti kúrò níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ìwọ lo máa ń lọ ra oògùn, àbúrò mi," ó wí. "Èmi ni mò ń gbọ́ ikọ́ náà. Ó ti pẹ́ jù. Ó ti pẹ́ jù."

Ó na ọwọ́ sí mi láti fà mí gòkè. Mo dì í mú, nítorí pé kò sí àkàbà níbẹ̀.

Tọkọtaya náà bá ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó ò rántí nǹkan kan. Ó dì mọ́ mi, ó bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó ní ká kú ìtọ́jú. Èmi ò lọ bá ọlọ́pàá. Kí ni ǹ bá sọ, ta ni ẹlẹ́rìí mi? A sin bàbá aláìsàn, gbogbo erékùṣù ló bá wa sunkún. Mo ti rò ó pé kí n kó ẹrù mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Bàbá nìyí, mi ò sì mọ òmíràn.

Àwọn àlejò ṣì máa ń bi mí bóyá ẹja tó ń jẹ èèyàn wà nínú omi wa. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àgádágodo tuntun sí ẹnu ọ̀nà ahéré, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun nìkan ló sì mọ ibi tí ẹnu páìpù ń wà bí ó bá tan ẹ̀rọ. Láràárọ̀ ni yóò gbé sìlíńdà kan wá fún mi, yóò gbé e kọ́ mi lẹ́yìn, yóò di bẹ́líìtì rẹ̀, yóò sì tú ẹnu rẹ̀ fún mi. Òní náà, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́ẹ́, ó ní kí n máa lọ. Àwọn àlejò ti wà nínú omi, wọ́n ń dúró dè mí. Mo ki rọ́bà bọ ẹnu, mo sì fà á sínú.