Ohun Tí Kanlaya Kọ Sínú Káàdì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú ni Màmá Suphap figbe ta nílé ìtọ́jú awọ tó wà lẹ́bàá ọjà ìlú Lampang, ní Thailand. Oǹdè Búdà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti pòórá. Ó ní òun gbé e lé Kanlaya, obìnrin tó ń tọ́jú awọ ojú òun, lọ́wọ́ kí òun tó dùbúlẹ̀; nígbà tí òun dìde, kò sí oǹdè, kò sí ẹ̀wọ̀n tí òun fi ń gbé e kọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ Àìkú ni Anon, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa fá orí láti di mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, níṣojú ẹbí ni ìyá sì gbọ́dọ̀ gbé oǹdè bàbá lé e lọ́wọ́.

Wichit, ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, dé, ó sì ṣe ohun tó pa dà tì í lójú. Ó ní kí wọ́n da báàgì Kanlaya sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Obìnrin tó ń se núdù tà ní òdìkejì ọ̀nà na ọrùn, gbogbo àdúgbò na ọrùn. Ohun tó jáde ni kóòmù, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹyọ kan, àti ìrẹsì tí wọ́n ti bù jẹ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kanlaya ò sunkún. Ó kàn pa ewé náà dé, bíi pé àjẹkù oúnjẹ yẹn nìkan ni ìtìjú òun. Wọ́n kó báàgì náà àti ìyókù ẹrù lọ sí tésàn.

Ní ọjọ́ kejì, Wichit tún gbéra lọ sí ilé ìtọ́jú awọ náà. Ratri tó ni ilé náà ti ń dúró dè é.

"Ọ̀gá, ọdún mọ́kànlá ni Kanlaya ti wà lọ́dọ̀ mi. Kó tó fọwọ́ kan oníbàárà, á kọ́kọ́ ki ọwọ́ ẹ̀ bọ omi gbígbóná, kó má baà tutù sí wọn lára. Ṣé olè ló ń ṣèyẹn?"

"Ọwọ́ olè náà lè móoru, Màdáámù."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o! Oníbàárà mẹ́ta ló ti pè láàárọ̀ yìí pé àwọn ò wá mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè dijú níwájú olè. Tó bá fi máa di ọ̀la, mi ò ní lè gbà á síbí mọ́."

Wichit yíjú sí Kanlaya, tó dúró ti ìkòkò omi gbígbóná tí kò sẹ́ni tó ń lò ó.

"Ṣé Màmá gbé oǹdè lé ẹ lọ́wọ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n wọlé?"

Kanlaya wolẹ̀. "Wọ́n wé ìborùn, sà."

"Ìgbà tí wọ́n tú u ńkọ́?"

Kanlaya yíjú sí ìkòkò omi náà.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Mo mọ̀, sà. Àmọ́ ohun tí mo bá rí lára oníbàárà, ti oníbàárà ni. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá."

"Orí kunkun!" Ratri pòṣé, ó fa káàdì ìtọ́jú Màmá Suphap yọ nínú àpótí. "Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́!"

Kanlaya na ọwọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n káàdì ti dé ọwọ́ Wichit. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án: *Awọ gbẹ. Ẹ̀wọ̀n ń ha ọrùn lẹ́yìn, ó pupa. Wọn ò fẹ́ fáànù lẹ́sẹ̀.* Bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀ lóṣooṣù: *Ó ṣì pupa. Wọ́n ní àfi tí mo bá ń tọ́jú wọn, àwọn ò lè bọ́ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀.* Ti àná ló kẹ́yìn: *Ọrùn ti jiná. Àpá ẹ̀wọ̀n ti ń parẹ́. Ọkàn wọn ò balẹ̀. Mo fi àkókò kún fífi ọwọ́ ra orí wọn.*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wichit kà á. Ó rántí bẹ́ǹṣì yẹn, ojú gbà á tì.

Ó ránṣẹ́ pe Màmá Suphap. Anon fi alùpùpù gbé e wá, ó dúró dè é níta. Ìborùn ṣì wà lọ́rùn ìyá.

"Màmá, ìgbà wo lẹ wọ oǹdè yẹn kẹ́yìn?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Àná ni!"

"Màmá, ọgbẹ́ kì í jiná lábẹ́ ohun tó ń ha á. Oṣù tó kọjá, ọrùn yín ṣì pupa. Àná, ó ti jiná, àpá ẹ̀wọ̀n pàápàá ti ń parẹ́. Tó bá jẹ́ àárọ̀ àná lẹ bọ́ ọ, ṣé àpá á ti máa parẹ́? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oǹdè ti kúrò lọ́rùn yín. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wé ìborùn nínú ooru oṣù Kẹrin. Ẹ ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹrù náà lé lórí."

Màmá Suphap jókòó sórí ibùsùn ìtọ́jú. Ó di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Ọkùnrin kan ni. Ó máa ń wá ra òdòdó lọ́wọ́ mi. Èmi, opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Mo bọ́ oǹdè sílẹ̀ nílé ẹ̀, torí ta ló máa gbé Búdà kọ́rùn sùn ti ọkùnrin? Nígbà tí mo pa dà lọ, ó ti kó lọ tòun ti oǹdè. Ikú yá ju ẹ̀sín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Anon?"

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Kanlaya?" Ratri kígbe.

"Torí òun ló máa ń fọwọ́ méjèèjì gbà á, táá gbé e sórí pẹpẹ gíga. Kò sẹ́ni tó máa ṣiyèméjì pé mo gbé e fún un." Ó gbójú sókè díẹ̀. "Kanlaya, o rí ọrùn mi lánàá."

"Mo rí i, Mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ dijú níwájú mi, Mà."

Màmá Suphap fi ìborùn bojú, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Wichit ní òun máa lọ sọ ọ́ níta, níbi tí òun ti da báàgì. Kanlaya mi orí. "Ẹ ṣáà sọ pé mi ò jí i, sà. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n ìyá ti dìde. Ó ju ìborùn sílẹ̀, ó jáde lọ bá ọmọ rẹ̀ nídìí alùpùpù, ó sì gbóhùn sókè kí onínúdù lè gbọ́.

"Anon, èmi ni mo sọ oǹdè bàbá rẹ nù. Èmi ni mo purọ́ mọ́ Kanlaya." Oòrùn ń pa ọrùn rẹ̀ tó ṣófo. Anon wò ó, ó wò ó, ó sì bojú wolẹ̀.

Wichit mú báàgì Kanlaya, tó gbé bọ̀ láti tésàn, nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó tẹrí ba níwájú gbogbo àdúgbò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Kanlaya yẹ inú rẹ̀ wò. "Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi ò sí níbí, sà."

Ó ti kù sórí tábìlì ní tésàn. Wichit ò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú un wá.