Òrùka Idẹ Inú Omi Gbígbóná

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, ọdún 2015, olùdánwò kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Kabala Doki, ní ìhà àríwá, láti wọn òrùka idẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́. Ẹni tí òrùka rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn, ilé-iṣẹ́ tó rán olùdánwò náà wá yóò gbà á láti kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Raheemat, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kinkinau nítòsí ibẹ̀, kò ní ọ̀nà mìíràn. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé agbára òun kò ká ilé-ìwé mọ́.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí Raheemat wọ yàrá iṣẹ́, ó bá Ọ̀gbẹ́ni Jonah, olùkọ́ wọn, tó ń da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sínú bàsíà kan. Òrùka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti wà níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ ń sè?"

Ernest, ọmọ kíláàsì rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ kúkà ni. Mú ẹran tìẹ wá."

Ó yé Raheemat. Lánàá, ìkánjú mú kí wọ́n wọn idẹ wọn nígbà tó ṣì gbóná láti orí ẹ̀rọ. Idẹ tó bá gbóná a máa fẹ̀. Bó bá tutù, a sún kì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo òrùka wọn ti kéré ju bó ti yẹ lọ. Raheemat nìkan ló dúró kí tirẹ̀ tutù kó tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá àgbà, ṣé o ń dúró kó sùn ni?"

"Sà, tèmi péye," ó ní. "Bó bá wọ omi yìí, yóò tóbi jù."

Ọ̀gbẹ́ni Jonah kò gbójú sókè. "Bí ti àwọn yòókù bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí tìrẹ tutù, ṣé olùdánwò kò ní fura? Àbí o fẹ́ ba ti gbogbo wa jẹ́?"

"Haba, Raheemat," Ernest ní. "Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju irun orí lásán lọ. Má kó bá wa."

Raheemat wo inú bàsíà. Epo ẹ̀rọ ti léfòó sójú omi náà bí ikun. Olùkọ́ tó kọ́ wọn pé irin kì í purọ́ ló ń fi ìka rò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ju òrùka rẹ̀ sínú bàsíà.

Olùdánwò wọlé, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. "Kí ooru ọwọ́ mi má bàa ran idẹ ni," ó ṣàlàyé. "Ooru díẹ̀ a máa yí ìwọ̀n padà." Ernest wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín.

Bí olùdánwò ti ń pe orúkọ, Ọ̀gbẹ́ni Jonah ń yọ òrùka láti inú bàsíà tó gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì ẹ̀yìn, ó ń nù ún gbẹ. Ìbọ̀wọ́ kò jẹ́ kí olùdánwò mọ̀ pé wọ́n gbóná. Ó fi maikirómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn ohun tín-ín-rín, wọn ti Ernest. Ó péye. Ti àwọn yòókù péye. Ó kan ti Raheemat, ó fajú ro, ó tún un wọ̀n.

"Èyí tóbi jù. Ta ní ń jẹ́ Raheemat?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

Kò ju kó ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un wọ̀n." Ernest tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jonah ń wo fèrèsé.

"Rárá, sà."

Nígbà tí olùdánwò lọ tán, Ernest na kúlíkúlí sí i. "Má bínú. O ṣèèyàn, wallahi." Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún epo ẹ̀rọ. Raheemat kò gbà á.

Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ó ti mọ òwe náà láti kékeré. Ọjọ́ náà ló tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá fi òtítọ́ rẹ̀ sínú omi tí àwọn òpùrọ́ gbé kaná, tirẹ̀ ló máa ń bàjẹ́.

Nígbà tí òrùka náà tutù bíi tábìlì, ó fi maikirómítà ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀n ọ́n. Ó péye. Àyè ìkọ́ṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.